Adapter kan, pẹ́dà méje: kí ló ń fa súfèé yìí, kí ló sì ń pa gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà?

Okùn Mẹ́fà:

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan tó ti tojú sú mi. Pẹ́dà méje, àwọn àpótí kékeré tí à ń fẹsẹ̀ tẹ̀ láti yí ohùn gìtá padà, ló wà lórí pákó mi. Bí wọ́n ṣe tò láti ọ̀dọ̀ gìtá títí dé ọ̀dọ̀ ámúpílífáyà nìyí: fuzz (ń fọ́ ohùn gan-an), wah (ń mú ohùn ké bí ẹnu), tuner (ń yẹ ohùn okùn gìtá wò), compressor àtijọ́ kan (ń mú líle ohùn dọ́gba), overdrive (ń fọ́ ohùn díẹ̀), delay (ń tún ohùn sọ), reverb (ń mú ohùn dún bí inú gbọ̀ngàn). Ẹni tó ta fuzz yẹn fún mi sọ pé transistor germanium (èròjà tó ń gbé ohùn ga) ló wà nínú rẹ̀, irú ti ayé ọjọ́un. Delay àti reverb, dígítà ni àwọn méjèèjì.

Adapter ẹyọ kan ni mo fi ń fún gbogbo wọn níná. 9V, 500 mA ni wọ́n kọ sí i lára (V ni fọ́ltì, agbára tó ń ti iná; mA ni ìwọ̀n iná tó ń ṣàn). Mo wá ki okùn ẹlẹ́nu púpọ̀ bọ ìdí rẹ̀, èyí tó ní ẹnu mẹ́jọ.

Bí mo bá tẹ overdrive, mo máa ń gbọ́ ariwo tín-ín-rín kan bíi súfèé lábẹ́ ohùn gìtá. Bí mo bá ṣe ń yí gain (bọ́tìnì tó ń mú ohùn le sí i) sókè ni súfèé náà ń ga sí i. Kódà bí mo bá yí fólúùmù gìtá walẹ̀ pátápátá, kò lọ.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti fuzz. Bí mo bá ki iná bọ̀ ọ́ lásán, iná rẹ̀ á tàn, kò sí wàhálà. Àmọ́ gbàrà tí mo bá ti fi okùn kúkúrú so ó mọ́ wah, gbogbo pẹ́dà á kú pátá, àfi bíi pé ẹnìkan fa adapter yọ lára ògiri. Bí mo bá tún yọ okùn yẹn, gbogbo wọn á jí padà.

Compressor náà ní tirẹ̀. Bí mo bá gbé òun nìkan sórí adapter, iná pupa rẹ̀ á máa ṣe bàìbàì, ohùn rẹ̀ á sì rọ. Bí mo bá dá a padà sáàárín àwọn yòókù, á tàn dáadáa. Irú pẹ́dà wo ló ń wá ẹgbẹ́ kó tó ṣiṣẹ́?

Lẹ́yìn gbogbo èyí, reverb máa ń kú, á sì tún dìde fúnra rẹ̀ láàárín orin. Ṣé okùn ló bàjẹ́ ni, àbí kí n kúkú lọ ra power supply ńlá?

Ariwo Dídùn:

Ọ̀gá mi, okùn yẹn ni o! Kò sí okùn ẹlẹ́nu púpọ̀ kan tó dára. Ẹ jù ú nù, kí ẹ ra power supply tí ẹnu rẹ̀ kọ̀ọ̀kan dá dúró, ọ̀rọ̀ tán. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra kí ẹ má lọ ra èyí tó ń gbé 2000 mA, torí á jó overdrive yín. Pẹ́dà tó ń jẹ 10 mA, ẹ wá kó 2000 fún un!

Bàbá Lẹ́ẹ̀dì:

Ariwo, àbúrò mi, rọra. Ẹ jẹ́ ká tètè gbé ti mA yẹn kúrò nílẹ̀, kó má di ohun tí ẹlòmíì á gbé délé. mA tí wọ́n kọ sára adapter, ìwọ̀n tó lágbára láti fúnni ni, kì í ṣe ìwọ̀n tó fẹ́ fipá tì síni lára. Táǹkì kò ní torí pé òun tóbi kó fọ́ ife. Ìwọ̀n tí ife bá bù ló máa gbà. Pẹ́dà tó ń jẹ 10 mA, 10 náà ni yóò jẹ lára adapter 100, òun náà ni yóò sì jẹ lára ti 2000.

Fọ́ltì ló ń pa pẹ́dà. Òun ni kí ẹ bẹ̀rù. Ẹlòmíì á ní 12V kò kúkú jìnnà sí 9V. Ó jìnnà o. Àwọn overdrive kan wà tí IC kékeré kan (èròjà tó kó iṣẹ́ púpọ̀ pọ̀ sínú ẹyọ kan) wà nínú wọn, MAX1044 tàbí ICL7660, tó ń sọ 9V di ìlọ́po méjì tàbí tó ń bá wọn ṣe fọ́ltì nẹ́gétífù. Òté IC yẹn kò ju 10.5V lọ. Ẹ bá fún un ní 12V, ó ti lọ nìyẹn, ẹ ò sì ní rí èéfín kankan. Bí ẹ bá wá fún un ní 18V, kapásítọ̀ (èròjà tó ń tọ́jú iná) tí òté tirẹ̀ jẹ́ 16V náà á bá a lọ. Bákan náà, àwọn adapter olówó pọ́ọ́kú tí kò ní ohun tó ń ṣàkóso fọ́ltì, wọ́n lè kọ 9V sí i lára kí ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n nígbà tí kò gbé nǹkan kan, kó fi 12 tàbí 13 hàn yín. Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó ki í bọ ohunkóhun.

Okùn Mẹ́fà, mi ò rò pé okùn yín bàjẹ́. Mo sì rò pé ohun tẹ́ ẹ kó jọ síbẹ̀ yẹn, ìṣòro ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹ dojú pẹ́dà kọ̀ọ̀kan bolẹ̀, kí ẹ ka mA tí wọ́n kọ sí i fún wa. Kí ẹ sì wo àmì polarity rẹ̀: àmì róbótó kékeré tó ní `+` lápá kan àti `−` lápá kejì, èwo nínú méjèèjì ló lọ sí àárín?

Okùn Mẹ́fà:

Ẹ ṣeun, bàbá. Tuner 30, compressor 12, overdrive 10, delay 80, reverb 300. Wah, wọn ò kọ ju 1 lọ sí i. Fuzz kò ní àkọlé kankan. Àwọn tó ní àmì, `−` ló lọ sí àárín lára gbogbo wọn.

Bàbá Lẹ́ẹ̀dì:

Ó dára. Nẹ́gétífù láàárín lèyí tó wọ́pọ̀ jù, ọ̀nà tí ilé iṣẹ́ Boss gbà ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe pẹ́dà tẹ̀ lé, pẹ̀lú púlọ́ọ̀gì 5.5 mm tí ihò inú rẹ̀ jẹ́ 2.1 mm. Níbẹ̀, wọ́n bára dọ́gba.

Ẹ ro ó pọ̀, ẹ máa rí nǹkan bí 433 mA láìka fuzz, lórí adapter 500. Kò kọjá òté, àmọ́ ó há. Ohun tí wọ́n kọ sára pẹ́dà kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ìṣẹ́jú àáyá tó ń jí, nígbà tí pẹ́dà dígítà máa ń fa iná ju bó ṣe máa ń jẹ lọ. Èmi a máa fi ìdá kan nínú mẹ́rin sílẹ̀ lófo lórí adapter èyíkéyìí. Reverb yín tó ń kú tó ń jí, mo fura pé ebi ló ń pa á. Nígbà tí fọ́ltì bá dín díẹ̀, overdrive kò ní bìkítà, ohùn rẹ̀ á kàn rọ̀ díẹ̀, àwọn kan tiẹ̀ fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kọ̀ǹpútà kékeré tó wà nínú reverb kò mọ ìdajì ọ̀nà: ó ń ṣiṣẹ́ tàbí kó kú, kó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Adé Fuzz:

Ẹ jẹ́ kí n gba ti fuzz mú, iṣẹ́ mi nìyẹn 😄

Ẹ̀gbọ́n, transistor germanium ayé ọjọ́un, irú èyí tó wà nínú Fuzz Face tó jáde ní 1966, PNP ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, irú tí iná rẹ̀ ń gba òdìkejì ọ̀nà. Bí wọ́n ṣe ń so PNP lọ́nà àtijọ́, pọ́sítífù bátìrì ló máa ń jẹ́ ẹ́ẹ̀tì (òdo iná) rẹ̀. Pósítífù yẹn ló so mọ́ agolo pẹ́dà, òun náà ló sì so mọ́ apá òde okùn gìtá. Nínú gbogbo pẹ́dà yín tó kù, nẹ́gétífù ló wà nípò yẹn.

Ẹ wá wò ó. Nígbà tó jẹ́ okùn iná nìkan ni ẹ kì bọ̀ ọ́, kò sí ìjà. Ẹ wá fi okùn kúkúrú so ó mọ́ wah. Inú okùn yẹn, wáyà tó yí i ká lóde so ẹ́ẹ̀tì fuzz, tó jẹ́ pọ́sítífù, mọ́ ẹ́ẹ̀tì wah, tó jẹ́ nẹ́gétífù, lórí adapter kan náà. Ẹ ti fi pọ́sítífù kan nẹ́gétífù ní tààrà. Iná bíríìjì, adapter sì tètè pa ara rẹ̀ kó má bàa jóná. Ẹ dúpẹ́ pé ó gbọ́n tó bẹ́ẹ̀. Adapter tí kò ní ìdáàbòbò yẹn ì bá ti gbóná tí á fi yọ́. Kódà bí agolo fuzz àti agolo wah bá fara kanra lórí pákó, ohun kan náà lè ṣẹlẹ̀ láìsí okùn gìtá rárá.

Kò sí àtúnṣe kankan lára okùn iná tó lè wo èyí sàn. Àní, bí ẹ bá yí púlọ́ọ̀gì padà láti fi pọ́sítífù sáàárín, ẹ lè jó transistor yẹn. Ẹ fún fuzz ní bátìrì tirẹ̀. Irú fuzz bẹ́ẹ̀ kì í jẹ ju nǹkan bí 1 mA lọ, bátìrì 9V kan á sì pẹ́ gan-an nínú rẹ̀, bí ẹ bá ṣáà ń yọ okùn gìtá kúrò lẹ́nu ìwọlé rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ta tán. Okùn yẹn ni súìṣì bátìrì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀, wọ́n á tẹ pẹ́dà pa, wọ́n á lọ sùn, bátìrì ń jó lọ ní tirẹ̀. Ọ̀nà kejì ni ẹnu iná tó dá dúró pátápátá, tí kò bá ẹnu mìíràn pín nǹkan kan.

Lójú tèmi, bátìrì dára jù. Fuzz germanium ń fẹ́ràn carbon-zinc olówó pọ́ọ́kú ju èyíkéyìí lọ. Àwọn kan á ní irọ́ ni. Kí wọ́n máa wí.

Onísùúrù:

Ẹ bá mi wo ẹ̀gbẹ́ ihò iná compressor yẹn. Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀, ACA ni àbí PSA?

Okùn Mẹ́fà:

ACA! Mo rò pé orúkọ ilé iṣẹ́ ni.

Onísùúrù:

Orúkọ adapter ni. Láyé àtijọ́, ACA ni adapter tí Boss ń tà. Kò ní ohun tó ń ṣàkóso fọ́ltì, ó sì máa ń gbé nǹkan bí 12V wá. Torí náà ni wọ́n ṣe fi resistor àti diode kan sọ́nà iná nínú pẹ́dà, kí wọ́n lè gé fọ́ltì náà kù. Nígbà tó yá, PSA dé, ó ń gbé 9V gẹ́lẹ́. Bí ẹ bá wá ki 9V gẹ́lẹ́ bọ pẹ́dà tó ṣì ń gé nǹkan kúrò, ohun tó máa ṣẹ́ kù kò ní tó o. Iná bàìbàì tẹ́ ẹ ń rí nìyẹn.

Kí ló dé tó ń yá nígbà tó bá wà láàárín ẹgbẹ́? Resistor àti diode yẹn, ojú ọ̀nà nẹ́gétífù ni wọ́n wà. Nígbà tí ẹ bá so compressor mọ́ overdrive pẹ̀lú okùn gìtá, tí àwọn méjèèjì sì wà lórí okùn iná kan náà, nẹ́gétífù rí ọ̀nà ẹ̀bùrú: ó gba òde okùn gìtá wọnú overdrive, ó gba ibẹ̀ padà sí adapter. Kò kọjá lọ́dọ̀ àwọn agbowóòde méjì yẹn mọ́. 9V rẹ̀ pé.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí mò ń lọ. Ariwo Dídùn ní kí ẹ ju okùn nù. Bí ẹ bá gbé compressor yìí sórí ẹnu tó dá dúró lónìí, á tún padà di bàìbàì, torí ọ̀nà ẹ̀bùrú yẹn ti dí. Àfi tí ẹnu yẹn bá lè gbé 12V; búlọ́ọ̀kù iná Pedal Power 2 Plus ti Voodoo Lab, àpẹẹrẹ kan, ní súìṣì kékeré tó wà fún àwọn pẹ́dà ACA. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, orí okùn ẹlẹ́nu púpọ̀ gan-an ni ibi tó bá a lára mu.

Ariwo Dídùn:

Haa. Ẹ̀yin àgbà yìí náà! Mo gbọ́ o. Ṣùgbọ́n ti súfèé ńkọ́? Ìyẹn ni mo ní lọ́kàn nígbà tí mo ní kó ju okùn nù.

Ìyá Béèsì:

Ibi tí ọ̀rọ̀ tìrẹ ti wúlò nìyẹn, àbúrò.

Okùn Mẹ́fà, ọmọ mi, mo ti bá súfèé yẹn jà rí. Pẹ́dà dígítà kì í fa iná bí overdrive ṣe ń fà á. Aago kan wà nínú rẹ̀ tó ń lù láìmọye ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, pẹ́dà náà sì ń fa iná já-já-já tẹ̀ lé e. Wáyà nẹ́gétífù tó wà lára okùn ẹlẹ́nu púpọ̀ tín-ín-rín, ó ń dènà iná díẹ̀. Nítorí náà, bí delay bá ń fa iná já-já, fọ́ltì kékeré kan ń mì lórí nẹ́gétífù yẹn. Nẹ́gétífù yẹn kan náà ni overdrive ń pè ní òdo rẹ̀. Bí òdo bá ń mì, overdrive á gbà pé gìtá ló ń dún, á sì gbé e ga ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Ìdí tí gain fi ń gbé súfèé sókè nìyẹn, tí fólúùmù gìtá ò sì rí nǹkan kan ṣe sí i.

Má gbà mí gbọ́ lásán o. Fi delay àti reverb sílẹ̀ lórí okùn iná, kí wọ́n máa tàn, àmọ́ yọ gbogbo okùn gìtá kúrò lára wọn. Gba overdrive lọ sí ámúpílífáyà tààrà. Tí o bá ṣì ń gbọ́ súfèé, a jẹ́ pé ọ̀nà iná ló ń gbà wọlé, torí ohùn kò bá wọn da nǹkan pọ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà, yọ iná delay. Kí o tún yọ ti reverb. Kí o sọ ohun tí o gbọ́ fún wa.

Kí o sì ya súfèé sọ́tọ̀ sí híhùn. Èyí tó ń hùn ní ìsàlẹ̀, hùùùn, bí ohùn béèsì tó dúró lójú kan, iná ilé nìyẹn, 50 Hz tàbí 60 Hz, tàbí ìlọ́po méjì rẹ̀. Oògùn tirẹ̀ yàtọ̀.

Okùn Mẹ́fà:

Mo ti ṣe é, ma. Súfèé kò kúrò nígbà tí mo yọ okùn gìtá. Nígbà tí mo fa iná delay yọ, ó rọlẹ̀ gan-an. Mo fa ti reverb yọ, ó parẹ́ pátápátá. Overdrive mi mọ́ bí ìgbà tí mo ń fi bátìrì lò ó!

Ti fuzz náà, mo ti fi bátìrì sí i. Kò pa ẹnikẹ́ni mọ́. Mo kí yín gan-an ni, Adé.

Ó ku ìbéèrè kan. Mo rí búlọ́ọ̀kù iná kan tó ní ẹnu mẹ́jọ. Wọ́n ń ta á bí èyí tí ẹnu rẹ̀ dá dúró, àmọ́ ó kéré lówó, ó sì fúyẹ́. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé òótọ́ ni?

Bàbá Lẹ́ẹ̀dì:

Ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo ènìyàn máa bi ara wọn nìyẹn. Ẹnu mẹ́jọ kò túmọ̀ sí orísun mẹ́jọ. Púpọ̀ nínú àwọn búlọ́ọ̀kù yẹn, okùn ẹlẹ́nu púpọ̀ ni wọ́n dì sínú àpótí, wọ́n wá fi iná aláràbarà sí i lójú.

Ẹ yọ búlọ́ọ̀kù kúrò lára iná. Má jẹ́ kí pẹ́dà kankan so mọ́ ọn. Ẹ ki okùn méjì bọ ẹnu méjì lára rẹ̀. Ẹ gbé mítà yín sí ibi tó ń ké, kí ẹ fi apá kan tọ inú ihò púlọ́ọ̀gì àkọ́kọ́, apá kejì nínú ihò ti ìkejì. Inú ihò ni nẹ́gétífù wà. Bó bá ké, nẹ́gétífù kan náà ni àwọn méjèèjì ń pín, ẹni tó ní ẹnu wọn dá dúró purọ́. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ẹnu, torí mo ti rí èyí tó dá mẹ́rin dúró tó sì so mẹ́rin yòókù pọ̀.

Pé ó fúyẹ́ kì í ṣe ẹ̀sùn o. Èyí tó wúwo, tiransifọ́mà ló wà nínú rẹ̀, ẹnu kọ̀ọ̀kan ní wáyà tirẹ̀ tí wọ́n wé sára irin. Ti òde òní, ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣí tó ń tì ní kíákíá ló wà nídìí ẹnu kọ̀ọ̀kan. Méjèèjì lè dára. Mítà ni kí ẹ gbà gbọ́.

Kí ẹ sì ka mA ẹnu kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe àpapọ̀. Reverb yín ń jẹ 300. Bí ẹnu kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ 100, ẹnu mẹ́jọ kò ràn án lọ́wọ́.

Adé Fuzz:

Àmọ́ ṣé ó tiẹ̀ nílò ẹnu mẹ́jọ? Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Méjì péré ló ń dà á láàmú.

Bàbá Lẹ́ẹ̀dì:

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lèmi náà rí i. Bí mo bá wà nípò rẹ̀: wah, tuner, compressor, overdrive ṣì wà lórí adapter àti okùn tó ní. 53 mA ni gbogbo wọn ń jẹ pọ̀. Compressor á rí ẹgbẹ́ tó ń wá. Fuzz ń jẹ bátìrì. Delay àti reverb, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní adapter 9V tirẹ̀, tàbí kí ó ra búlọ́ọ̀kù kékeré ẹlẹ́nu díẹ̀ tó dá dúró lóòótọ́, tó sì lè gbé 300 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́nu kan. Kò sí ìdí láti fi owó búlọ́ọ̀kù ńlá yanjú ìjà pẹ́dà méjì.

Mo mọ̀ pé tuner náà ní kọ̀ǹpútà nínú. Bí ó bá wá ń ta tí-tí-tí sínú ohùn, kí ó gbé òun náà kúrò níbẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohùn Gooro:

Ẹ forí jì mí pé mo ya wọlé láàárín ọ̀rọ̀. Mo ní overdrive kan tí wọ́n kọ 9–18V sí. Búlọ́ọ̀kù mi ń gbé 9V nìkan. Wọ́n ní okùn kan wà tó ń so ẹnu méjì pọ̀ di 18V. Ṣé kò léwu?

Onísùúrù:

Kò léwu bí ẹnu méjèèjì bá dá dúró. Ẹ kọ́kọ́ fi mítà dán an wò bí Bàbá Lẹ́ẹ̀dì ṣe sọ. Okùn yẹn ń so pọ́sítífù ti ọ̀kan mọ́ nẹ́gétífù ti ìkejì. Bó bá wá jẹ́ pé nẹ́gétífù kan náà ni wọ́n ń pín tẹ́lẹ̀, ẹ ti so pọ́sítífù ọ̀kan mọ́ nẹ́gétífù ara rẹ̀. Bíríìjì. Fọ́ltì nìkan ló ń lé sí i. Bí ẹnu kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ 100 mA, 18V ní 100 mA lẹ máa rí, kì í ṣe 200.

Okùn mìíràn wà tó jọ ọ́, tó ń so méjì pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́-sí-ẹ̀gbẹ́ kí mA lè lé sí i. Ẹ má lò ó àfi tí ìwé búlọ́ọ̀kù yín bá gbà yín láyè. Kí ẹ sì fi tape kọ 18V sí okùn tẹ́ ẹ bá rà, torí púlọ́ọ̀gì kan náà ló ní, kò yàtọ̀ sí ti 9V lójú.

Ìyá Béèsì:

Ẹni tó bá ní pẹ́dà DL4 àkọ́kọ́ ti Line 6 tàbí Whammy IV ti DigiTech, kó fetí sílẹ̀ pẹ̀lú. 9V ni wọ́n kọ sí i lóòótọ́, àmọ́ AC (iná tó ń yí ọ̀nà padà) ni, kì í ṣe DC (iná tó ń gba ọ̀nà kan). Àmì `~` ló wà lára adapter wọn. Àwọn kì í jókòó nídìí okùn kan náà pẹ̀lú àwa yòókù, a ò sì gbọ́dọ̀ fi adapter wọn jí pẹ́dà mìíràn.

Okùn Mẹ́fà:

Mo ti to ó báyìí. Okùn fún àwọn mẹ́rin, bátìrì fún fuzz, adapter kọ̀ọ̀kan fún delay àti reverb. Súfèé ti lọ. Reverb kò kú mọ́. Ohun tó kù ni híhùn díẹ̀ nígbà tí mo bá tẹ wah, hùùùn tí Ìyá Béèsì sọ yẹn. Ó tiẹ̀ ń ga, ó ń rẹlẹ̀, bí mo bá ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Ìyá Béèsì:

Níbo lo gbé àwọn adapter sí?

Okùn Mẹ́fà:

Abẹ́ pákó ni, ma. Ọ̀kan wà lábẹ́ wah gan-an, àyè ibẹ̀ ló gbà á. Ìyẹn tiẹ̀ jẹ́ èyí tó wúwo.

Ìyá Béèsì:

Gbé e kúrò níbẹ̀. Èyí tó wúwo yẹn ní tiransifọ́mà, wah sì ní wáyà wíwé kan nínú rẹ̀ tó ń gbọ́ tiransifọ́mà láìsí okùn kankan láàárín wọn. Tì í lọ sí abẹ́ reverb, lápá kejì pákó. Bí kò bá sí àyè, yí i sí ẹ̀gbẹ́, nígbà míì ìyẹn nìkan á tó. Kó o sì kọ́kọ́ yí ara rẹ àti gìtá díẹ̀ kúrò níwájú ámúpílífáyà kí o tó dá wah lẹ́bi, torí pickup (ohun tó ń gbọ́ okùn lára gìtá) tó ní wáyà wíwé ẹyọ kan náà máa ń gbọ́ ọ.

Ohun mìíràn: okùn rẹ ní ẹnu mẹ́jọ, mẹ́rin péré lo ń lò báyìí. Níwọ̀n ìgbà tí nẹ́gétífù wà láàárín, òde púlọ́ọ̀gì tó ń rọ̀ lásán yẹn, pósítífù ni gbogbo rẹ̀. Bó bá fara kan agolo pẹ́dà kan, gbogbo wọn á tún kú lẹ́ẹ̀kan náà, wàá sì padà wá bi wá pé kí ló ṣẹlẹ̀.

Okùn Mẹ́fà:

Ó ti dé abẹ́ reverb, ma, wah sì dákẹ́. Mo ti ń wá tape fún àwọn ẹnu mẹ́rin yẹn.